Ẹni Tí Yóò Dúró Ní Ipò Mi

Bí mo bá wọ ilé olóúnjẹ ní Ìkọ̀tún, ariwo á dákẹ́. Sójà tó ti tú bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ á tètè dè é padà. Ẹni tó ń mu bíà á rọra ti ìgò sábẹ́ tábìlì. Wọ́n á gbé ẹ̀bà síwájú mi, màá jẹ ẹ́ tán, kò sí ẹni tó máa bá mi sọ̀rọ̀. Ní ìlú tiwa, ẹni tó bá dá jẹun láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, bí kì í bá ṣe àlejò, á jẹ́ pé ó ti ṣẹ ará ilé. Èmi kò ṣẹ ẹnì kankan. Iṣẹ́ mi ni.

Ọlọ́pàá àwọn sójà ni mí, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ́ḿpì. Sójà tó bá ṣẹ̀, ọwọ́ wa ló ń bọ́ sí. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n kó mi wá sí ibùdó kan lẹ́yìn Ìkọ̀tún pé kí n máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́ náà: àwọn rìkúrúùtì tí kò tíì mọ nǹkan kan, àti àwọn ọ́físà tí wọ́n rò pé àwọn ti mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kó mi wá ní ọdún kan péré ni. Mo fi ìyàwó mi àti ìyá mi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi ilé tí mò ń kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ògiri ti dúró, ó ku òrùlé.

Ìkọ̀tún ìgbà náà, oko ni. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti dé Èkó, ó sì ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní àárọ̀ a máa ń gbọ́ ìró tipà tó ń kó yanrìn. Ibi tí a ti ń kọ́ àwọn rìkúrúùtì bí wọ́n ṣe ń wá sójà tó sá nínú igbó, bí a bá padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a máa ń bá búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, àti pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ìkíni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà, bí a ṣe ń ṣe nílé. Obìnrin kan tó gbé igbá gàrí dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ mí ni?"

"Rárá o. Mo kàn ní ẹ káàárọ̀ ni."

"Háà. Ẹ má bínú, mo rò pé ẹ fẹ́ mú mi ni."

Fìlà pupa wà lórí mi, àmì iṣẹ́ wà lápá mi. Láti ọjọ́ náà, mo dín ìkíni kù.

Mo gba yàrá kan lọ́wọ́ Bàbá Kóláwọlé, àgbà ọmọ Àwórì kan tí oko rẹ̀ fẹ̀yìn ti ibùdó wa. Kò pè mí ní orúkọ mi fún ìgbà pípẹ́. "Ará òkè" ló ń pè mí.

"Ará òkè, ṣé òótọ́ ni wọ́n ní ẹ̀yin yìí máa ń mú ọ̀gá yín?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ọmọ kékeré á wá mú ọ̀gá?"

"Bó bá ti wọ àmì apá, Bàbá, á mú un."

Ó tu itọ́ aṣáà sílẹ̀. "Abájọ tí òjò ò fi rọ̀ dáadáa mọ́."

Ẹ̀kọ́ wa kò le láti sọ. A ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró lórí àpótí ní oríta, tí wọ́n á fi ọwọ́ darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ sójà. Ìyẹn gan-an ti le tó, nítorí kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn awakọ̀ mìíràn sì wà tí ọkàn wọn kò tíì kúrò ní òsì. A ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè ìwé lọ́wọ́ sójà tó wà níta bárékè. A ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn láìlù ú. Èyí ló le jù. Ẹnikẹ́ni ló lè lu èèyàn.

Mo máa ń sọ fún wọn pé ọlá Ẹ́ḿpì kò sí ní ọjọ́ orí, kò sì sí ní ipò. Inú àmì apá ló wà. Ọ́físà kékeré kan fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé ẹ ní kọ́pùrà lásán lè mú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi yìí?"

"Ẹ̀yin gan-an, sà. Ẹ ó sì máa tẹ̀lé e lọ."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ṣàlàyé pé mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìwé kà, inú iṣẹ́ sójà ni mo ti kọ́ ọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Nítorí náà ni mi ò ṣe máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú àwọn ọ́físà. Mo máa ń sọ èyí tó tó.

Àṣàbí ìyàwó mi kú nígbà ọyẹ́, ní ọdún kejì tí mo wà ní Ìkọ̀tún. Àìsàn ni. Kí ìròyìn tó kàn mí, ó ti kú. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Inú ilé ni ìdílé wa ń sin òkú sí, inú ilé tuntun ni a sì sin ín sí, ní yàrá tí ì bá jẹ́ tirẹ̀ ká ní ó wà láàyè. Nígbà tí mo gbójú sókè níbi ibojì náà, mo rí ojú ọ̀run. Mo sọ fún ìyá mi pé màá padà wá kan òrùlé kí òjò tó dé. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ọkọ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òjò dé, mi ò lọ. Bí mo bá béèrè ìsinmi, wọ́n á ní kí n dúró kí kíláàsì tó wà nílẹ̀ parí. Kí ó tó parí, òmíràn á ti dé. Lẹ́yìn ogun yẹn, sójà pọ̀ kọjá iye, ìwà sì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Ìjọba ń wá Ẹ́ḿpì bí ẹni ń wá omi.

Mo máa ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí Ọ̀gá àgbà bá gbà. Ọkọ Àdùnní àbúrò mi jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí náà òun àti ìyá mi á wá dúró níbẹ̀ dè mí. Ìlà náà máa ń hó bí epo gbígbóná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí. Wọ́n ní àwọn ò ní ki irin bọ etí."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀. "Bi í léèrè, ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Wọ́n ní ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Mo ti gbọ́ wọn. Àdùnní, páànù ti wà nílẹ̀. Ẹ pe káfíńtà kó bá wa kàn án."

"Màmá ò gbà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa gun orí Àṣàbí láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló na páànù àkọ́kọ́ sí i. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń gbé ẹní lọ bò ó."

Ìyá mi nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo rí i lọ́kàn mi, ó ń tẹ ọ̀pá lọ nínú afẹ́fẹ́ òjò, ẹní wà lábẹ́ apá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀fúùfù bá dìde ní Ìkọ̀tún, ara mi kì í balẹ̀. Àwọn rìkúrúùtì máa ń rò pé inú ló ń bí mi.

Mo lọ bá Ọ̀gá àgbà. Méjọ̀ ni, ará Òkè Ọya. Ìbàdàn ló ti gbọ́ Yorùbá, gbogbo wa pátá sì ni "ìwọ" lọ́dọ̀ rẹ̀, àtàgbà àtèwe. Mo ní mo fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó fi ìwé mi sórí tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló máa dúró ní ipò rẹ?"

"Sà, mi ò mọ̀."

"Wá a. Kọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá yege ní ojú mi, ọjọ́ náà ni wàá lọ."

Mo kí i, mo jáde. Mo ti mọ ẹni náà kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Kọ́pùrà Làmídì ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọmọ ahunṣọ, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù. Bó bá dúró lórí àpótí ní oríta, tipà àti lọ́rì á dúró wọ̀ọ̀ bíi pé wọ́n fi okùn fà wọ́n. Ó mọ òfin. Àwọn rìkúrúùtì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀ níwọ̀n. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní, ọjọ́ tí Ọ̀gá àgbà wá wò wá ni mo sì mọ̀ ọ́n.

A máa ń ṣe bí ẹni ń ṣeré: ẹnì kan á di ọ̀daràn, ẹlòmíràn á mú un. Nítorí irun mi tó ti ń funfun, èmi ni mo máa ń ṣe sójà àgbàlagbà tó ti mutí yó tó ń da ìlú rú. Mo wọ bùbá àtijọ́, mo jókòó sí ojú ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ń kọjá. Làmídì yọ sí mi pẹ̀lú fìlà pupa.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ìwọ ọmọ àná! Ṣé bàbá rẹ lo fẹ́ fọwọ́ kàn yìí?"

Kí n tó ṣẹ́jú, Làmídì ti ṣí fìlà pupa náà, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí.

Ohun tí òfin eré náà wí ni pé bí ọ̀daràn bá ráyè, kó sá. Mo dìde, mo yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, nítorí a kì í ré èèyàn kọjá, mo sì rọra rìn wọ inú oko ẹ̀gẹ́ Bàbá Kóláwọlé. Nígbà tí Làmídì dìde, kò rí ẹnì kankan mọ́. Ẹ̀rín pa àwọn rìkúrúùtì débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀.

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́pàá sójà ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀mùtí! Sájẹ́ǹtì, ṣé ẹni tó máa dúró ní ipò rẹ nìyí?"

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti Làmídì lórí àtẹ̀gùn gáàdìrúùmù, níbi tí a ń ti àwọn tí a bá mú mọ́.

"Làmídì, èmi kọ́ ni bàbá rẹ."

"Mo mọ̀, sà. Orúnkún mi ni kò mọ̀."

Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ló ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, màá súre fún un.

A tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá ti gbé ohùn sókè, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí fìlà. Mo fi ohùn líle sọ̀rọ̀ sí i, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Àkókò òjò sì ń súnmọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ariwo kan sọ lẹ́bàá ilé Bàbá Kóláwọlé. Bàbá ti ta ilẹ̀ oko rẹ̀ fún ará Èkó kan, ṣùgbọ́n nígbà tí tipà wá já yanrìn, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí àárín ọ̀nà, ó jókòó, ó gbé àpò aṣáà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ fọn fèrè títí. Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ ní kó gorí mi kọjá!" ni bàbá ń wí. "Ará òkè, ìwọ tó ń mú èèyàn, wá mú mi!"

Mo dúró sójú kan. Làmídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń bọ̀ láti oríta ni. Ìgbà náà ni ìyàwó àkọ́bí bàbá jáde láti inú ilé. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó sì gbé àpò aṣáà náà.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, Bàbá. Oòrùn ti mú."

Ó dìde, ó kọjú sílé, kò yára, kò wẹ̀yìn. Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò lè bínú sí ẹni tó bá a gbé ẹrù. Kò sì lè jókòó síbẹ̀ kí àpò rẹ̀ máa lọ. Ó kùn, ó dìde, ó tẹ̀lé àpò rẹ̀ wọlé. Tipà kọjá.

Mo wo Làmídì. Ó ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà tí àpò náà gbà wọlé.

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣú tí kò rọ̀. Mo ti bá ilé sọ̀rọ̀. Mo ní kí Àdùnní sọ fún Màmá pé mò ń bọ̀. Mo ti di ẹrù mi. Àpò kan ni, aṣọ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti agolo mílíìkì kan tó kún fún ìṣó páànù. Èmi fúnra mi ni mo ra ìṣó náà ní Àgége, mo fẹ́ èyí tí kì í dógùn-ún. Àpò náà ni mo gbé lọ sójú ọ̀nà ìdánwò, nítorí ó yẹ kí ọ̀mùtí náà ní ẹrù lọ́wọ́, mi ò sì ní òmíràn.

Wọ́n to àga fún àwọn ọ́físà lábẹ́ igi. Ọ̀gá àgbà jókòó sáàárín. Mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò dẹ̀ ẹ́ fún Làmídì rárá, nítorí bí mo bá dẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá á mọ̀.

"Ìwọ ọmọ àná! Nígbà tí mò ń jagun, ṣé wọ́n ti já ọ lẹ́nu ọmú? Ṣé bàbá rẹ lo fẹ́ tì mọ́lé? Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́!"

Ọwọ́ Làmídì fẹ́ lọ sí fìlà. Mo rí i. Ó lọ sókè díẹ̀, ó padà wálẹ̀. Fìlà rẹ̀ kò kúrò lórí. Ó tẹ̀ díẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ kú ogun. Ẹrù yìí ti wúwo jù fún yín. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

Ó gbé àpò mi. Ó kọjú sí gáàdìrúùmù, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Mo pariwo, mo bú u. "Mò ń gbọ́, Bàbá," ló wí. "Ẹ máa bọ̀." Mo sì gbọ́ ìṣó mi, wọ́n ń dún nínú agolo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo gbàgbé eré tí à ń ṣe. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀lé ìró náà. Ó wọlé, mo wọlé tẹ̀lé e. Ó gbé àpò náà sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kí mi bí sójà láti òdìkejì irin.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ níta. Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí. Mo rò pé ó ti tán.

Ọ̀gá àgbà kọ̀wé sókè nípa ohun tó rí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí èsì fi dé. Wọ́n ní kí Làmídì máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ní Òkè Ọya, kó lọ kọ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n fi ipò kún ipò rẹ̀. Wọ́n sì ní kí ẹni tó kọ́ ọ dúró, kó máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ bákan náà.

"Sà," ni mo wí, "ẹ ṣe ìlérí fún mi."

"Mo ní kí o fún mi ní ẹni tó máa dúró ní ipò rẹ. Níbo ló wà?"

"Ẹ ti rán an lọ, sà."

"Á jẹ́ pé kò sí níbí." Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rẹ̀ kò dùn. Òun náà ní ọ̀gá.

Làmídì wá dágbére ní yàrá mi. Ó ṣí fìlà lọ́tẹ̀ yìí, ó dọ̀bálẹ̀ tán pátápátá, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

"Sà, èmi ni mo tì yín mọ́lé."

"Iṣẹ́ rẹ lo ṣe. Ọ̀nà wo lo máa gbà?"

"Ọ̀nà Ìbàdàn, sà. A ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá."

Mo tú àpò mi, mo yọ agolo ìṣó náà. Mo ṣàlàyé ilé wa fún un, àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kó kàn fi ìṣó náà lé ìyá mi lọ́wọ́, káfíńtà á rí i lò lọ́jọ́ tí mo bá dé. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, sà."

Mo ti di ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Ẹ̀yìn kíláàsì mélòó kan sí i ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀, síbẹ̀ Ìkọ̀tún ni mo wà tí mo ti ń kọ èyí. Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọdé á sáré wọlé lọ sọ pé ará Èkó dé. Bí mo bá padà sí Ìkọ̀tún, ará òkè ni mí. Bàbá Kóláwọlé nìkan ló fi orúkọ mi pè mí nígbẹ̀yìn, lọ́jọ́ tó bu iṣu sínú igbá tó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo jẹ iṣu náà bí ẹni ń jẹ oúnjẹ ọdún. Ṣùgbọ́n ibi tí mo jẹ́ ara rẹ̀ gan-an, mi ò tíì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

Ní ọdún tí Làmídì lọ, lẹ́yìn ìlọ rẹ̀ ni òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Gbogbo àárọ̀ ló fi rọ̀. Mo dúró ti tẹlifóònù títí Ọ̀gá àgbà fi ní kí n máa pe ilé. Nígbà tí ìlà wọlé, mi ò gbọ́ ohùn Àdùnní. Ìyá mi ló ń pariwo, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

"Ṣé ìwọ ni? Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá. Ẹ ti gba irin sí etí?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ tí o rán dé. Ọmọ gíga. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀, tòun taṣọ ìjọba. Mo bi í pé ọkọ Àṣàbí dà. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun láti dúró ní ipò rẹ."

Mo tẹ irin náà mọ́ etí.

"Ṣé irọ́ ló pa?"

"Kò purọ́, Màmá."

"Mo ní tó bá dúró ní ipò rẹ, kó bọ́ aṣọ rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù. Òun ló na páànù àkọ́kọ́ sí káfíńtà. Ó sùn sọ́dọ̀ wa títí wọ́n fi kàn án tán. Òjò ń rọ̀ níbí báyìí, ṣé o gbọ́? Mo jókòó ti Àṣàbí láàárọ̀. Kò kán sí i lára."

Ìlà náà hó, ó já. Mo gbé e sílẹ̀.

Níta, òjò ti dá. Àwọn rìkúrúùtì tuntun ti tò sórí ìlà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Mo wọ bùbá àtijọ́ náà. Mo gbé àpò mi, tí kò sí ohun tó ń dún nínú rẹ̀ mọ́, mo jáde lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà.